Ibi Tí Àdúrà Yẹ Nínú Lẹ́tà Iṣẹ́, àti Ibi Tí Kò Yẹ

Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà tí àwa Yorùbá ń kọ síra wa nídìí iṣẹ́, yálà ti ilé-iṣẹ́ ìjọba tàbí ti oníṣòwò, yóò rí i pé orúkọ Ọlọ́run kì í jìnnà sí i. Ẹnì kan yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Mo kí yín ní orúkọ Jésù," ẹlòmíràn yóò kọ "As-salaamu alaykum" sí òkè pátápátá kó tó dé orí ọ̀rọ̀ owó, ẹlòmíràn yóò sì fi "Olódùmarè á gbè wá o" pa á dé. Kò yani lẹ́nu, nítorí pé ìkíni àti àdúrà kì í fi bẹ́ẹ̀ pínyà nínú ilé wa. Ṣùgbọ́n lẹ́tà iṣẹ́ ní ohun tó fẹ́ ṣe: ó ń béèrè, ó ń dáhùn, ó ń ṣèlérí, ó ń kọ̀, ó ń gba owó. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rọ́pò ọjọ́, iye owó, ìdáhùn tàbí ẹ̀bẹ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀. Orí èrò yìí ni mo gbé gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ro iye ojú tí yóò ka lẹ́tà náà

Lẹ́tà iṣẹ́ kì í dúró lọ́dọ̀ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Ọ̀gá tó gbà á yóò gbé e fún akọ̀wé rẹ̀, akọ̀wé yóò fi í sínú fáìlì, akápò yóò yọ ọ́ wò nígbà tó bá fẹ́ sanwó, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé owó yóò tún béèrè rẹ̀ ní òpin ọdún. Bí ọ̀ràn bá sì di ti kóòtù, àwọn agbẹjọ́rò àti adájọ́ yóò kà á sókè lójú gbogbo èèyàn. Ti ímeèlì tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tó gbà á lè ta á sí ogún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àdúrà tí a ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo yóò wá máa bá àwọn tí a kò rò kàn pàdé.

Ẹ má sì fi orúkọ mọ ẹ̀sìn ẹni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó ń jẹ́ Fábùnmi lè jẹ́ àlùfáà ìjọ, ẹni tó ń jẹ́ Lawal lè jẹ́ díákónì, ẹni tó ń jẹ́ Samuel sì lè máa bọ Ọ̀ṣun pẹ̀lú ìgboyà. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó ti ń fún àwọn èèyàn wọn ní ìsinmi fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tó máa ń bọ́ sí ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ, nítorí náà ẹni tó bá ń kọ̀wé bíi pé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì nìkan ló wà nílùú ti gbàgbé ará ilé kan.

Bí ẹni tó ń kọ̀wé bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ náà tún le díẹ̀ sí i. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 10, sọ pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 sì fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú, àti láti yí i padà. Lóòótọ́, ìwé òfin kan náà ló sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé orílẹ̀-èdè kan ni wá lábẹ́ Ọlọ́run, ìbúra àwọn tó ń gba ipò sì parí pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́run ràn wọ́n lọ́wọ́. Orúkọ Ọlọ́run kò tíì di èèwọ̀ lórí tábìlì ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ "Jésù ni Olúwa" sí ìsàlẹ̀ ìwé owó-orí, lórí bébà tó ní òǹtẹ̀ ìjọba, ti fi orúkọ gbogbo ará ìpínlẹ̀ sọ ohun tó jẹ́ ìgbàgbọ́ tirẹ̀ nìkan, àti orúkọ Mùsùlùmí tàbí oníṣẹ̀ṣe tó fẹ́ san owó-orí náà pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ya àwọn ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀

A máa ń ka gbogbo ohun tó bá ti kan ẹ̀sìn sí ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Oyè kì í ṣe àdúrà. Bí oníbàárà yín bá ń pe ara rẹ̀ ní Alhaji, Alhaja, Pásítọ̀ tàbí Àràbà, ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́, kódà bí ẹ̀sìn rẹ̀ kì í bá ṣe tiyín. Àìkọ ọ́ gan-an ni àrífín. (Ní ti JP tí àwọn kan ń fi sẹ́yìn orúkọ, àwọn adájọ́ àlàáfíà ló ni ín tẹ́lẹ̀, àwọn tó ti Jerúsálẹ́mù dé náà sì ti ń lò ó. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má béèrè èwo ni.)

Ìkíni tí kò dárúkọ ẹ̀sìn kankan wà nínú èdè wa lọ́pọ̀ yanturu, a kàn kì í rántí rẹ̀ nígbà tí a bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni. "Ẹ kú iṣẹ́," "ẹ kú ìnáwó," "ẹ kú ìrìn àjò," "ẹ kú àbójútó" tó láti fi ọ̀wọ̀ hàn láìbéèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ní àkókò ọdún, "ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún" bá Iléyá mu, ó bá Kérésìmesì mu, ó sì bá Ìṣẹ̀ṣe mu. Bí ẹ bá fẹ́ dárúkọ ọdún náà, ọdún ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí ni kí ẹ dárúkọ, kó sì jẹ́ pé ẹ mọ̀ dájú pé ó ń ṣe é.

Lẹ́yìn èyí ni àdúrà tí kò gbé orúkọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: "Iṣẹ́ náà á yẹ yín," "Ọ̀nà á là," "Ẹ ó jèrè rẹ̀." Ẹ lè lo irú èyí lẹ́ẹ̀kan nínú lẹ́tà, ní ìparí, láìsí pé ó pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó dárúkọ ẹ̀sìn kan pàtó, bíi "nínú ẹ̀jẹ̀ Jésù" tàbí "Jazakallahu khairan," ẹ fi pamọ́ fún ẹni tí ẹ mọ̀ pé ẹ jọ ń ṣe ẹ̀sìn kan náà, tàbí ẹni tó ti kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ kí yín.

Ẹsẹ ìwé mímọ́ àti ìwàásù kò ní àyè kankan nínú lẹ́tà iṣẹ́, àyàfi bí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀sìn. Akọ̀wé ìjọ tó ń kọ̀wé sí ìjọ mìíràn, tàbí ẹ̀ka ẹgbẹ́ Mùsùlùmí NASFAT kan tó ń kọ̀wé sí ẹ̀ka kejì, kò nílò ìtọ́sọ́nà yìí. Ṣùgbọ́n bí ìjọ kan náà bá ń kọ̀wé sí ẹni tó fẹ́ bá wọn gbẹ́ kànga, ó ti bọ́ sínú iṣẹ́ nìyẹn, kí ó kọ̀wé bí oníbàárà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ọjọ́ àti iye ni kó ṣáájú, kí "bí Ọlọ́run bá fẹ́" tó tẹ̀lé e

Ibí yìí ni ọ̀ràn náà ti dùn wá jù, nítorí pé ibẹ̀ ni owó àwọn èèyàn ti ń sọnù. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ kì í fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ọ̀la láìfi Ọlọ́run sí i, wọ́n sì ní ìdí. Al-Kùránì, nínú Suuratul Kahf, ẹsẹ 23 àti 24, kìlọ̀ pé kí èèyàn má ṣe sọ nípa ohunkóhun pé òun yóò ṣe é lọ́la láìfi kún un pé bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Jákọ́bù, nínú Bíbélì, orí 4, ẹsẹ 13 sí 15, bá àwọn oníṣòwò tó ń sọ pé àwọn yóò lọ sí ìlú kan lọ ṣòwò wí, ó sì ní ohun tó yẹ kí wọ́n sọ ni pé bí Olúwa bá fẹ́. Ẹ kíyè sí i pé oníṣòwò ni Jákọ́bù ń bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó pa ọ̀rọ̀ yìí tì. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí nínú ìwé méjèèjì ibi tí wọ́n ti ní kó gba ipò ọjọ́ tí a dá.

Ẹ jẹ́ ká ní aránṣọ kan gba iṣẹ́ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ 240, ó ti gba owó àsansílẹ̀, ìwọlé àwọn ọmọ sì ku díẹ̀. Alhaja tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ̀wé béèrè ibi tí iṣẹ́ dé. Ìdáhùn tó gbà ni yìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, màmá wa. Mo kí yín ní orúkọ Jésù tí kì í kùnà. Nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run, a ti ń bá iṣẹ́ yín bọ̀, bí Olúwa bá sì fọwọ́ sí i, ẹ ó rí aṣọ àwọn ọmọ gbà láìpẹ́. Ẹ má fòyà, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rere yóò parí rẹ̀."

Kò sí irọ́ nínú lẹ́tà yìí, kò sì sí ìdáhùn nínú rẹ̀. Alhaja kò mọ iye aṣọ tó ti parí, kò mọ ọjọ́, kò mọ ohun tó fa ìdádúró, kò sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá wọlé tí aṣọ kò tíì dé. Bó bá fẹ́ bínú, wọ́n ti fi orúkọ Ọlọ́run dí i lójú ọ̀nà. Ta ni yóò kọ̀wé padà pé ìfọwọ́sí Ọlọ́run kò tó? Ní ti ẹsẹ tí aránṣọ náà yá lò láti inú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Fílípì, iṣẹ́ inú ọkàn ni Pọ́ọ̀lù ń sọ níbẹ̀, kò ní yúnífọ́ọ̀mù lọ́kàn.

Ohun tó yẹ kí aránṣọ náà kọ nìyí:

"Alhaja, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àbójútó àwọn ọmọ. Lórí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ 240 tí ẹ ní ká rán, a ti rán 150 tán, a ó sì kó wọn dé ọ̀dọ̀ yín ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án. A kò tíì gé àwọn 90 tó kù, nítorí pé aṣọ búlúù tí a kọ́kọ́ rà kò tó. Èyí tí a tún rà ní ọjà Balógun yóò wọlé ní ọjọ́ Ajé, a ó sì kó ìyókù wá ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá tí ẹ kò rí wọn, a ó dá owó àsansílẹ̀ orí àwọn 90 náà padà fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ìdádúró yìí. Àwa ni a kò ṣírò aṣọ náà dáadáa. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ẹ ó rí wa ní ọjọ́ Ẹtì."

Orúkọ Ọlọ́run ṣì wà níbẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tí gbogbo ohun tí Alhaja béèrè ti gba ìdáhùn. Ẹ wo ẹ̀bẹ̀ náà pẹ̀lú: aránṣọ gbà pé àwọn ló ṣe àṣìṣe, kò sọ pé èṣù ló fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣẹ̀sín. Èṣù ti ru ẹrù aṣọ tí kò tó, mọ́tò tó bàjẹ́ àti iná tó lọ nínú lẹ́tà àwọn oníṣòwò wa. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dán lẹ́tà yín wò, ẹ fi ìka bo gbogbo gbólóhùn tó dárúkọ Ọlọ́run, kí ẹ sì ka ìyókù. Bí ìyókù bá dáhùn ohun tí wọ́n bi yín, ẹ lè fi àdúrà náà sílẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó kù, ẹ kò tíì kọ lẹ́tà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí ẹ bá ju ẹni tó ń kà á lọ ní agbára, ẹ dín in kù

Ọmọ iṣẹ́ tó gbàdúrà fún ọ̀gá ń fi ọ̀wọ̀ hàn. Ọ̀gá tó kọ àdúrà gígùn ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó sì ń retí kí wọ́n máa dáhùn "Àmín," ti ṣe ohun mìíràn, nítorí pé ẹni tó dákẹ́ yóò máa bẹ̀rù pé wọ́n ti kọ orúkọ òun sílẹ̀. Ọ̀gá náà lè má ní irú èrò bẹ́ẹ̀ rárá. Ìbẹ̀rù náà wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Èyí tó burú jù lọ lójú tèmi ni àdúrà tó tẹ̀lé ìròyìn búburú. Ilé-iṣẹ́ kò gba ẹnì kan síṣẹ́, wọ́n wá kọ ọ́ pé "Ọlọ́run ní ohun tó dára ju èyí lọ fún yín." Wọ́n jẹ òṣìṣẹ́ ní owó oṣù mẹ́ta, wọ́n kọ ọ́ pé "Jèhófà Jírè yóò pèsè." Àwọn tó jẹ gbèsè ti ta gbèsè náà sọ́rùn Ọlọ́run nìyẹn. Ẹ kọ ìpinnu náà ní ṣókí, ẹ sọ ohun tó bá kù tí ẹni náà lè ṣe, ẹ dúpẹ́, ẹ pa á dé: "A dúpẹ́ pé ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ni a gbà sí ipò náà. A ó tọ́jú ìwé yín fún oṣù mẹ́fà, bí àyè mìíràn bá ṣí sílẹ̀, a ó kàn sí yín."

Ẹni tó ń wáṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń parí lẹ́tà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi àdúrà gbé ọ̀rọ̀ òun yẹ̀ wò. Ohun tí ilé-iṣẹ́ yóò gbé yẹ̀ wò ni iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe rí àti ìwé ẹ̀rí yín, nítorí náà ẹ fi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn sọ ọjọ́ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Kò sì sí ìdí tí ẹ fi ní láti kọ ẹ̀sìn yín sínú ìwé ìtàn iṣẹ́ yín, bí wọn kò bá béèrè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí lẹ́tà náà bá ń kọjá odò

Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì, tàbí tó ń kọ̀wé sí àwọn tó wà níbẹ̀, òfin tó dè yín yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ẹ̀tọ́ ará ìlú ti ọdún 1964 kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti fi ẹ̀sìn jẹ òṣìṣẹ́ níyà, ẹjọ́ kan sì wà tó dá lórí ìparí lẹ́tà gan-an. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Anderson, tó ń ṣiṣẹ́ ní U.S.F. Logistics ní Indianapolis, a máa fi "Have a Blessed Day" parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ àti àwọn oníbàárà. Microsoft tó jẹ́ oníbàárà wọn ráhùn sí i, ilé-iṣẹ́ náà sì ní kó má lò ó fún oníbàárà mọ́. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù. Ní ọdún 2001, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kọ̀ láti dá ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kọ́, torí pé wọ́n ṣì gbà á láyè láti lò ó láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti mú kó ṣòro sí i fún agbanisíṣẹ́ láti kọ ẹ̀bẹ̀ òṣìṣẹ́ nítorí ẹ̀sìn. Ẹjọ́ Groff ti ọdún 2023 ni mo ń sọ, ti ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí ó bá ṣe pàtàkì sí yín láti máa kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín nínú ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ya ẹlẹgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára oníbàárà.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2010 lórí ìdọ́gba dáàbò bo ẹni tó ní ẹ̀sìn àti ẹni tí kò ní rárá. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tó pọ̀ níbẹ̀ ní òfin iṣẹ́ tiwọn pẹ̀lú: ìwé ìlànà àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀, ní abala 20.7, sọ pé kí wọ́n má ṣe fi ìgbàgbọ́ ara wọn han àwọn èèyàn lọ́nà tí kò yẹ. Lẹ́tà sí aláìsàn tàbí ìdílé rẹ̀ wà lára èyí. Ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ìwé òfin ọdún 1990 ti sọ ìjọba di èyí tí kò ní ẹ̀sìn, ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó ń kọ̀wé ní èdè Faransé mọ̀ pé ìparí lẹ́tà ibẹ̀ gùn bí oríkì, síbẹ̀ kò dárúkọ Ọlọ́run.

Ìdí mìíràn tún wà tí kò kan òfin. Àwọn oníjìbìtì tí a ń fi abala 419 inú òfin ìwà ọ̀daràn wa pè lórúkọ ti ba ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn jẹ́ fún wa lójú àwọn ará òkè òkun: "Ẹni ọ̀wọ́n nínú Kírísítì" ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, opó olówó tí àìsàn ń ṣe ló sì máa ń tẹ̀lé e. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí, tó rí àdúrà níwájú orúkọ yín, lè má ka ìlà kejì. Ẹ fi orúkọ, ilé-iṣẹ́ àti ohun tí ẹ ń béèrè síwájú, kó tó di ìgbà tí ẹ bá mọra.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìsàlẹ̀ ímeèlì

Ẹ yọ ẹsẹ ìwé mímọ́ kúrò nínú ohun tí kọ̀ǹpútà ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ímeèlì yín fúnra rẹ̀. Kì í mọ ìgbà tó ń bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó ń béèrè gbèsè, gbogbo rẹ̀ ló ń fi ẹsẹ kan náà sí.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí wọ́n bá fi àdúrà kọ̀wé sí yín

Ẹni tó gbàdúrà fún wa kò ṣẹ̀ wá, a kì í sì í fi "Àmín" du ẹni tó súre. "Àmín, ẹ ṣeun" ti tó, kí ẹ sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ fi àdúrà tó gùn ju tirẹ̀ lọ dá a padà, kò sì yẹ kí ẹ fi ti ẹ̀sìn yín bò ó mọ́lẹ̀. Bí ó bá fi "As-salaamu alaykum" kí yín tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, "ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaji" kò ní bí i nínú. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá jẹ́ àdúrà láìsí ìdáhùn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ tún ìbéèrè yín bi ní ìlà kan ṣoṣo: "Àmín o. Ọjọ́ wo ni a ó rí iṣẹ́ náà gbà?"

Ọ̀fọ̀ yàtọ̀. Bí òṣìṣẹ́ tàbí oníbàárà bá ṣòfò, lẹ́tà tó gbẹ táútáú máa ń dunni, ibẹ̀ ni mo ti gbà kí àdúrà gba àyè tó pọ̀ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ kú ará fẹ́ra kù," kí ẹ sì wo ìwé ìkéde òkú tí ìdílé náà tẹ̀ jáde kí ẹ tó yan ọ̀rọ̀: bí wọ́n bá ń pè yín síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹ má kọ̀wé nípa ilé ògo àti adé ìyè. Bí ẹ kò bá rí ìwé kankan, "Ọlọ́run á tù yín nínú, á sì dá ẹ̀mí àwọn tó kù sí" bá ọ̀pọ̀ èèyàn lára mu. Lẹ́yìn èyí, ẹ má gbàgbé pé lẹ́tà iṣẹ́ ṣì ni: ẹ sọ iye ọjọ́ tí wọ́n fún un láti fi sinmi, ẹni tí yóò máa bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àti owó ìrànwọ́ bí ó bá wà.

Ó tún kù kan. Bí ẹlẹgbẹ́ yín bá ń kọ ìwàásù sí àwọn oníbàárà tó sì ń dá wàhálà sílẹ̀, ẹ má bá a sọ ọ́ níwájú àwọn èèyàn, ẹ má sì fi ímeèlì tí ogún èèyàn yóò rí sọ ọ́. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi lẹ́tà kan pàtó hàn án, kí ẹ sì jókòó tì í láti tún un kọ, kí ọjọ́, iye àti ìdáhùn wà lókè, kí gbólóhùn àdúrà kan ṣoṣo sì dúró sí ìsàlẹ̀.